Ẹ́ńjìnnì Ń Kú Láàárín Odò? Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Kan Kábúrétọ̀

Lọ́kọ́ja ni mo ti ń ṣiṣẹ́, létí Odò Ọya, níbi tí odò Bẹ́núé ti wá pàdé rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Ìgbókòdá ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kí n tó gòkè wá síhìn-ín. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá gbé wá bá mi pé ó ń kú lójú omi, wọ́n sábà máa ń ti tú kábúrétọ̀ rẹ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, kí n tó rí i. Wọ́n á ti fọ̀ ọ́, wọ́n á ti fi wáyà gún ihò rẹ̀, wọ́n á ti yí síkúrúù tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yí. Ohun tó ń ṣe é á ṣì wà níbi tó wà: nínú táńkì, nínú họ́òsì, tàbí lórí ìdérí táńkì.

Lọ́dún 2022, nígbà tí omi bo ọ̀nà Gànájà, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni èèyàn ń wọ̀ kọjá níbi tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀, awakọ̀ kan pè mí lórí fóònù láti orí omi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti kú o." Mo ń gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń pe Jésù, mo ń gbọ́ igbe ọmọdé. Omi ń gbé wọn lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pààrọ̀ kábúrétọ̀ ọkọ̀ yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ní kó tú ìdérí táńkì. Bó ṣe tú u, afẹ́fẹ́ wọlé fììì, mo gbọ́ ọ lórí fóònù. Ó fún pọ́ǹpù ọwọ́, ìyẹn rọ́bà tó wà láàárín họ́òsì epo, ó fa okùn, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ihò atẹ́gùn orí ìdérí táńkì ni eruku àti ọ́ìlì ti dì pa. Owó kábúrétọ̀ méjì, àti ẹ̀mí èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ, nítorí ihò tí abẹ́rẹ́ lè là.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí kò ju èyí lọ: ibi tí epo ti ń bọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa tọ̀ ọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ibi tó ń lọ. Ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù-àti-ọ́ìlì tó ní kábúrétọ̀ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù, irú Yamaha Enduro tó pọ̀ lórí odò wa. Mo máa mẹ́nu kan àwọn tuntun níwájú.

Kí ẹ tó gbé sípánà

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú nígbà tí èrò ṣì wà nínú ọkọ̀, ìdákọ̀ró ni kí ẹ kọ́kọ́ jù sómi. Kì í ṣe okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ máa fà. Odò Ọya kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bí ẹ ṣe ń fa okùn ló ń gbé yín lọ sára òpó afárá tàbí sórí iyanrìn. Ẹ rí i pé gbogbo èèyàn wọ jákẹ́ẹ̀tì agbẹ̀mílà, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ohun tó rọrùn: ṣé okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní ipò rẹ̀, ṣé epo ṣì wà nínú táńkì, ṣé ihò atẹ́gùn ṣí. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, etí omi ni wọ́n ti ń ṣe é.

Létí omi náà, ẹ rántí pé èéfín pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í fò lọ, abẹ́ pákó ọkọ̀ ló máa ń lọ sápamọ́ sí, ibẹ̀ ni iná á sì bá a. Kí àwọn tó ń yan ẹja jìnnà sí yín, kí sìgá jìnnà, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ní bátìrì, ẹ yọ wáyà rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fa epo láti inú họ́òsì, bó ti wù kó yá tó. Ẹ má sì tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Rọ́bà tó ń fa omi tútù wọ inú rẹ̀ kì í pẹ́ jóná bí kò bá rí omi. Bí ẹ kò bá gbé e sí odò, ẹ gbé e sínú dúróọ̀mù tí omi kún.

Ẹ wo irú ikú tó ń kú

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ bi awakọ̀ léèrè dáadáa. Èmi máa ń ní kó fi ẹnu rẹ̀ ṣe ohùn ẹ́ńjìnnì náà fún mi.

Bí ó bá jẹ́ pé iná plọ́ọ̀gì ló já, ẹ́ńjìnnì á kú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n mú iná NEPA lọ. Epo tí kò tó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ máa wúkọ́, agbára rẹ̀ á wálẹ̀, á tún gbéra díẹ̀, á wá kú. Ìdí ni pé àwo kékeré kan wà nísàlẹ̀ kábúrétọ̀ tó ń tọ́jú epo díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́, díẹ̀ yẹn tó o. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ó máa ń mu àwo yẹn gbẹ kíákíá, bí èyí tó ń bọ̀ láti táńkì kò bá sì yá tó èyí tó ń mu, ó di dandan kó kú. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tó ń dúró dáadáa létí omi, tó wá ń kú lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ohun kan ń dí epo lọ́nà láàárín táńkì àti kábúrétọ̀.

Bí ó bá kú, tí ẹ jókòó díẹ̀, tó tún dìde bí ẹni pé kò sí nǹkan, ihò atẹ́gùn táńkì ni kí ẹ fura sí. Epo ń jáde nínú táńkì, afẹ́fẹ́ kò wọlé rọ́pò rẹ̀, táńkì wá ń fa epo padà mọ́ra. Nígbà tí ẹ jókòó, afẹ́fẹ́ rọra yọ́ wọlé.

Bí ohùn rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ yí ọwọ́ padà, afẹ́fẹ́ ló ń bá epo wọlé níbì kan. Bí kò bá fẹ́ dìde, tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tó ń sáré dáadáa tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, èyí ni ti kábúrétọ̀: ihò epo kékeré inú rẹ̀ ló dí. Bí èéfín bá pọ̀, tí epo ń rùn, tí plọ́ọ̀gì rẹ sínú epo, epo ti pọ̀ jù nìyẹn.

Ìdánwò méjì wà tí mo fẹ́ràn gan-an nítorí pé wọn kò gba sípánà. Ẹ wa ọkọ̀ lọ láìkó èrò, kí ẹnì kejì mú pọ́ǹpù ọwọ́ dání. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, kó máa fún pọ́ǹpù náà. Bí agbára bá padà, epo ni kò dé, iná kọ́ ló já. Ìkejì: nígbà tó bá ń wálẹ̀, ẹ fa ṣọ́ọ̀kì díẹ̀, ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀ sí i. Bí ó bá sàn, ebi epo ń pa á. Bí ó bá tún burú sí i, epo ti pọ̀ jù tàbí ọ̀rọ̀ náà wà níbòmíràn.

Plọ́ọ̀gì náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn tó kú. Èyí tó gbẹ táútáú lẹ́yìn tí ẹ ti fa okùn lọ́pọ̀ ìgbà kò rí epo. Èyí tó funfun bí eérú ti ń jẹ epo tí kò tó fún ìgbà díẹ̀, ẹ má sì fojú kékeré wo ìyẹn. Inú epo ni ọ́ìlì tó ń jẹ́ kí písítìnì máa yọ̀ geere ti ń wá. Bí epo bá dínkù, ọ́ìlì dínkù nìyẹn, písítìnì á sì lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà. Ẹni tó ń fi agídí wa ẹ́ńjìnnì tí epo kò tó dé ilé, ó lè jẹ́ pé iye tí wọ́n ń ta ẹ́ńjìnnì tuntun ló fi wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: táńkì, àti ohun tó wà nínú rẹ̀

Ẹ tú síkúrúù atẹ́gùn orí ìdérí. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i láti òkè, kó gba ibẹ̀ kọjá. Láti oṣù Ọ̀pẹ títí wọ oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá dé, eruku Àríwá kì í jẹ́ kí ihò kankan ṣí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ọ̀pá tó ń fa epo nínú táńkì pẹ̀lú. Àwọ̀n kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀, ewé, ike àti ìpàǹtí tó bá bá àrọ wọlé máa ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Epo fúnra rẹ̀ wá kù. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà lọ sí ju 500 lọ, kò sí ẹni tó fẹ́ da epo nù mọ́. Mo mọ̀ ọ́n lára. Èyí tó ṣẹ́kù lánàá la ó lò lónìí, èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà la ó rà bí ilé epo bá ti pa. Nítorí ìyẹn gan-an ni ẹ fi gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wá ìgò funfun tó mọ́. Ìsàlẹ̀ táńkì ni kí ẹ ti bu epo náà, kì í ṣe òkè. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Omi wúwo ju pẹtiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ, ẹ ó sì rí ìlà tó pín wọn níyà. Bí omi náà bá kéré, á rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀, á máa yí káàkiri ìdí ìgò bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ tó láti dí ihò jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀. Ìrì ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Táńkì tí epo inú rẹ̀ kò kún tó sun mọ́jú lórí odò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á lagùn sínú epo. Ẹ máa rọ ọ́ kún ní ìrọ̀lẹ́ bí agbára bá gbé e.

Fún ẹni tó ń fura pé wọ́n fi kẹrosíìnì lú u, kó kán epo kan sórí ìwé funfun kó tó po ọ́ìlì mọ́ ọn. Pẹtiróòlù gidi á gbẹ láìpẹ́, kò ní fi àmì sílẹ̀. Kẹrosíìnì á fi àbàwọ́n ọ̀rá sílẹ̀.

Ìdánwò kẹta ni ti ọtí líle inú epo. Lóṣù kejì ọdún 2022, wọ́n rí i pé epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ Nàìjíríà, ìjọba sì pàṣẹ kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Irú epo bẹ́ẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń jẹ rọ́bà. Ẹ da omi díẹ̀ sínú ìgò tóóró, kí ẹ fi bírò sàmì sí ibi tó dé. Ẹ da epo tí ẹ kò tíì po ọ́ìlì mọ́ lé e, ìlọ́po mẹ́wàá omi náà. Ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀. Bí omi ìsàlẹ̀ bá ga ju àmì yín lọ, ọtí ló kúrò nínú epo tó lọ bá omi.

Epo tó ní omi lásán, ẹ lè jẹ́ kó tòrò mọ́jú, kí ẹ rọra da òkè rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì mìíràn, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi kẹrosíìnì tàbí ọtí lú, ẹ má fi wọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ń dá awuyewuye sílẹ̀ létí omi wa. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì yìí ń lo ìdá kan ọ́ìlì sí àádọ́ta epo, ṣùgbọ́n ìwé ẹ́ńjìnnì yín ló ni àṣẹ. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 máa gba ìdajì lítà ọ́ìlì, ìyẹn ìgò mínírà 50cl kan gééré. Ọ́ìlì TC-W3 ti ọkọ̀ ojú omi ni kó jẹ́, kì í ṣe ti ọ̀kadà. Àwọn kan máa ń sọ pé tí ọ́ìlì bá pọ̀, ẹ́ńjìnnì á pẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù ń gba àyè pẹtiróòlù nínú ohun tó ń gba ihò jẹ́ẹ̀tì kọjá, ó sì ń ba plọ́ọ̀gì jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: họ́òsì àti pọ́ǹpù ọwọ́

Ibí ni mo ti ń rí ohun tó pọ̀ jù lọ, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀.

Bí aládùúgbò yín bá ní irú ẹ́ńjìnnì kan náà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ yá táńkì àti họ́òsì rẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì yín, ẹ wà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí àrùn náà bá lọ, ẹ ti mọ̀ pé kò sí nínú ẹ́ńjìnnì rárá. Bí kò bá lọ, ẹ ti fo ìdajì iṣẹ́. Mi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń tijú láti yá nǹkan yìí, tí wọn kò sì tijú láti ná owó sí ohun tí kò bàjẹ́.

Pọ́ǹpù ọwọ́ ni rọ́bà dúdú tó rí bí ẹyin láàárín họ́òsì. Ọfà kan wà lára rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni kí ẹnu ọfà náà kọjú sí. Ẹ mú un dúró, kí ọfà kọjú sókè, kí ẹ wá máa fún un. Láìpẹ́, ó yẹ kó le bí ọsàn tí kò tíì pọ́n. Bí ó bá le tó sì dúró bẹ́ẹ̀, epo ti dé inú àwo kábúrétọ̀, abẹ́rẹ́ ibẹ̀ sì ti sé ọ̀nà bó ṣe yẹ.

Bí kò bá le rárá bó ti wù kí ẹ fún un tó, ẹ wo ẹnu kábúrétọ̀. Bí epo bá ń dà jáde níbẹ̀, abẹ́rẹ́ kò dí. Bí kò bá sí epo níbì kankan, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù náà ń fà, tàbí fáàfù inú rẹ̀ ti kú. Ẹ yọ pọ́ǹpù náà kúrò lára họ́òsì, ẹ fẹ́ atẹ́gùn tí kò lágbára sí i láti apá táńkì: ó gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ fẹ́ ẹ láti apá ẹ́ńjìnnì: kò gbọdọ̀ kọjá. Èyí tó bá kọjá lápá méjèèjì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí pọ́ǹpù náà wá rọ́, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ pọ̀ pẹrẹsẹ bí ike omi tí ọmọdé fa mu, ẹ má wá nǹkan kan lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ń dí epo wà lẹ́yìn pọ́ǹpù náà, lápá táńkì. Ẹ padà síbẹ̀.

Ní ti afẹ́fẹ́, ẹ ra họ́òsì funfun tó bá epo mu, bí ìbú ọwọ́ méjì. Ẹ so ó sáàárín họ́òsì àti ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú kílípù. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ wo inú rẹ̀. Epo tó ń lọ gbọ́dọ̀ rí bí okùn kan ṣoṣo. Ìfófòó díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ihò kan wà lẹ́yìn ibi tí ẹ ń wò, lápá táńkì. Ibi tí mo ti máa ń bá a jù ni ẹnu irin tí họ́òsì fi ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Òrùka rọ́bà kan wà nínú rẹ̀ tí kò tó nǹkan, oòrùn sì máa ń jẹ ẹ́ gbẹ. Epo lè má kán síta níbẹ̀ rárá, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń fà ni, kò tì í jáde. Ìdí nìyẹn tí ojú lásán kì í fi rí i.

Ọ̀kan wà tó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ̀ tó ń kó iṣu wọ Lọ́kọ́ja ni. Ìhò atẹ́gùn ṣí, epo mọ́, kábúrétọ̀ mọ́, họ́òsì náà sì ń dán bí ọ̀tun. Tí wọ́n bá rọra wà á, kò sí wàhálà. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á kú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú mi, mo fi abẹ́ la họ́òsì náà láti orí dé ìdí. Awọ inú rẹ̀ ti ṣí kúrò lára ti òde, gígùn rẹ̀ tó ọmọ ìka mi, ó ń fì nínú rẹ̀ bí ahọ́n. Bí epo bá rọra ń lọ, ahọ́n yẹn á sùn jẹ́ẹ́. Bí epo bá fẹ́ sáré, á dìde, á fi ara rẹ̀ dí ọ̀nà. Họ́òsì tí kì í ṣe ti pẹtiróòlù ni ẹnì kan tà fún wọn. Láti ìgbà náà, bí gbogbo nǹkan bá mọ́ tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń kú, họ́òsì ni mo máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fílítà

Èyí kò gba àkókò. Ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ẹ wá ife kékeré tí fílítà wà nínú rẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fi pẹtiróòlù mímọ́ fọ àwọ̀n rẹ̀, kí ẹ wo ìdí ife náà bóyá omi wà níbẹ̀. Bí òrùka rọ́bà ẹnu rẹ̀ bá ti fẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí fílítà bá dọ̀tí lónìí tó tún dọ̀tí lọ́la, táńkì ni kí ẹ fọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: pọ́ǹpù epo ara ẹ́ńjìnnì

Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ fún epo tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí ẹ dáwọ́ dúró tó wálẹ̀, tí táńkì àti họ́òsì sì ti yege, pọ́ǹpù yìí ló kù. Kò ní wáyà, kò ní mọ́tò. Awọ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀. Bí písítìnì ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ìmí inú ẹ́ńjìnnì ń fà á, ó ń tì í, òun náà sì ń fa epo, ó ń tì í.

Ẹ fi bírò fa ìlà kan sára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó tú u, kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe tò ó. Ẹ gbé awọ náà sókè kọjú sí oòrùn. Ihò tí ẹ kò lè rí lórí tábìlì, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ wá bá yín. Ẹ fi ọwọ́ ká a: ó yẹ kó rọ̀. Èyí tó ti le bí bébà ìwé ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ wo ihò tí ìmí ń gbà wọlé láti inú ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá rẹ ibẹ̀, awọ náà ti lu, epo sì ti ń gba ibẹ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì tààrà. Nígbà náà ni ẹ ó rí sílíńdà kan tí plọ́ọ̀gì rẹ̀ tutù, tí èkejì sì dára. Ẹ ra awọ àti gáásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ̀, kí ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, epo á yọ́ gọ́ọ̀mù náà lọ sínú kábúrétọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kábúrétọ̀

Ó ti wá kàn án. Síbẹ̀, ẹ má tíì tú u. Síkúrúù kan wà nísàlẹ̀ àwo rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún dída epo jáde. Ẹ gbé ife funfun sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú u, ẹ wo ohun tó jáde: omi, iyanrìn, tàbí epo tó ti pọ́n tó ń rùn bí ọ̀dà. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan máa fún pọ́ǹpù ọwọ́. Epo gbọ́dọ̀ máa dà geere láìdáwọ́dúró. Bí ó bá ń dà bẹ́ẹ̀, epo ti ń dé ibẹ̀, ìwọ̀nba ihò inú kábúrétọ̀ ló kù láti fura sí. Bí ó bá ń kán tó-tó-tó, abẹ́rẹ́ ló lẹ̀ mọ́ ibùjókòó rẹ̀, tàbí kí ohun kan ṣì wà lẹ́yìn tí ẹ fò. Bí kábúrétọ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ṣe é fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí èyí tó dí lè jẹ́ ẹyọ kan péré.

Bí ẹ bá wá tú u, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ kí nǹkan má baà sọnù. Ní ti síkúrúù tó ń tọ́ epo ìdúró jẹ́ẹ́, ẹ kọ́kọ́ rọra yí i wọlé títí yóò fi jókòó, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ yí i, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó yọ ọ́. Ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ padà sí. Ẹ mú fúlótì, ohun tó ń léfòó lórí epo inú àwo, sétí, ẹ mì í: bí epo bá ń ró nínú rẹ̀, ó ti lu. Ẹ wo ẹnu abẹ́rẹ́: bí ìlà òrùka bá ti jẹ wọ inú rẹ̀, kò ní dí mọ́.

Ihò jẹ́ẹ̀tì kò fẹ́ wáyà. Mo mọ̀ pé wáyà bùréèkì ọ̀kadà wà nínú àpótí olúkúlùkù wa, ṣùgbọ́n idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, irin sì le jù ú lọ. Bí ẹ bá fi gún un, ihò náà á fẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa mu epo jù títí ayé rẹ̀. Ẹ fi omi ìfọ-kábúrétọ̀ rẹ ẹ́, ẹ fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹ gbé e sókè kí ẹ fi wo ojú ọ̀run. Roboto ni ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí. Bí etí rẹ̀ bá rí wúruwùru, ó ṣì dọ̀tí.

Àwọn ẹ́ńjìnnì tuntun

Èyí tí kò ní kábúrétọ̀, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń fún un lépo, ìgbésẹ̀ kìíní dé ìkẹta kò yàtọ̀ fún un, àfi ọ̀rọ̀ pípo ọ́ìlì mọ́ epo. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan án, ẹ dẹtí: pọ́ǹpù iná inú rẹ̀ sábà máa ń kùn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á wá dákẹ́. Bí kò bá kùn, ẹ wo fíùsì rẹ̀. Kọjá ibẹ̀, epo inú ọ̀pá rẹ̀ ń lọ pẹ̀lú agbára púpọ̀, bí ẹ bá tú u lójijì, á fọ́n sójú yín, á sì fọ́n sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ẹni tó ní gééjì tó ń wọn agbára epo ni kí ẹ gbé e lọ bá.

Ṣáájú kí èrò tó tún wọlé

Ẹ so ọkọ̀ mọ́ òpó tó lágbára létí omi, ẹ fi ẹ́ńjìnnì sí jíà, kó ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ kan gbogbo ibi tí họ́òsì ti so, kí ẹ gbóòórùn ìka yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á lọ lófìfo, ẹ tẹ̀ ẹ́ tán fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán, ní ìhà òkè odò, kó lè jẹ́ pé bí ó bá kú, ilé ni omi á gbé yín bọ̀. Ọ̀sán ni kí ẹ ṣe èyí.

Mo ní àwọn oníbàárà ní Àbújá, létí adágún omi Jábì, tó jẹ́ pé ìgbà ọdún àti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wa ọkọ̀. Àrùn tiwọn yàtọ̀ sí tiwa: epo tó jókòó fún oṣù mélòó kan nínú kábúrétọ̀, tó gbẹ, tó sì fi ohun bí oje igi sílẹ̀. Ohun tí mo kọ́ wọn ni pé kí wọ́n yọ họ́òsì epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú omi, kí wọ́n jẹ́ kó mu ìwọ̀nba tó wà nínú àwo tán kó sì kú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tú síkúrúù ìsàlẹ̀ àwo, kí ìkán ìkẹyìn jáde, kí wọ́n dé ihò atẹ́gùn táńkì nítorí eruku, kí wọ́n sì so pátákó kékeré mọ́ ọwọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ "Ẹ TÚ ATẸ́GÙN TÁŃKÌ" sí.